Orí Keje: Ohun Tí Ìbàdí Kò Bá San, Àtẹ́lẹwọ́ Á San Án

Rìfọ́fà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi tò sórí tábìlì ní ibùdó ìyìnbọn kan lẹ́yìn ìlú Houston, ní Texas. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gáàdì níbẹ̀. Wọ́n ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè fojú ara mi rí i pé kò sí ọta nínú wọn, wọ́n wá ní, "Gbé wọn wò. Èwo ló wúwo jù?"

Èyí tó tóbi jù kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Àwọn méjì tó kù ni mo ń gbé sókè gbé sílẹ̀. Ọ̀kan kéré, irin dúdú gidi ni, àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Èkejì gùn jù ú lọ, ó sì sanra jù ú lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kékeré yìí wúwo ju gígùn yẹn lọ." Wọn ò dá mi lóhùn. Òṣùwọ̀n kékeré kan ni wọ́n fà yọ nínú báàgì, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Kékeré, nǹkan bíi gíráàmù 550. Gígùn, nǹkan bíi 540. Ohun tó wà láàárín wọn kò tó ìwúwo ṣíbí kékeré kan.

Ọwọ́ mi ló parọ́ fún mi, irọ́ náà sì ti wà lákọsílẹ̀ tipẹ́. Ní 1891, Augustin Charpentier, oníṣègùn ará Faransé, fi hàn pé bí èèyàn bá gbé ohun méjì tí ìwúwo wọn dọ́gba, èyí tó kéré ní ìrísí ló máa ń wúwo lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ojú máa ń wọn nǹkan kí ọwọ́ tó kàn án. Ó rí ohun kékeré, ó ránṣẹ́ sí apá pé iṣẹ́ kékeré ló ń bọ̀, ó wá di pé irin ló kó síbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn tí mo ti rí iye tí òṣùwọ̀n kọ, tí mo tún gbé wọn, kékeré ṣì wúwo jù. Ìmọ̀ kì í wo irọ́ yìí sàn.

Ṣáájú Charpentier ni Ernst Heinrich Weber, ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1834 pé ìyàtọ̀ ìwúwo tí ara lè mọ̀ kì í ṣe iye kan tí kì í yí padà. Ìdá kan nínú ohun tí a ti gbé tẹ́lẹ̀ ni. Bí o bá gbé ìbọn tó jẹ́ gíráàmù 400 sí ọwọ́ kan, tó o sì gbé tí gíráàmù 450 sí ọwọ́ kejì, wàá mọ̀. Gbé gíráàmù 50 yẹn kan náà lé ìgbànú ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan tó ti so rédíò, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti àpótí ọta mọ́ ìdí, tí gbogbo rẹ̀ lè tó kílò 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mi ò fi í gba ẹni tó ka iye gíráàmù lára páálí ìbọn gbọ́, tó wá ń sọ pé òun ti mọ bí yóò ṣe rí lára.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí rìfọ́fà jẹ́ ná, torí ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 kà á mọ́ àwọn ìbọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní, inú fíìmù sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ti mọ̀ ọ́n. Ìbọn ìléwọ́ ni, tí ọta rẹ̀ ń gbé inú ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà mìíràn méje tàbí mẹ́jọ, lára irin roboto kan tó ń yí. Ìlù ni màá máa pe irin roboto yìí, nítorí ìlù ló jọ. Férémù ni egungun tó di ìlù, ọ̀pá àti èèkù mọ́ra. Bí ọta bá ṣe tóbi tó àti bí ẹ̀tù rẹ̀ ṣe lágbára tó ló ń sọ bí ìlù yóò ṣe nípọn tó. Bí ìlù bá sì ṣe nípọn tó ni férémù yóò ṣe fẹ̀ tó. Ohun gbogbo tí ìbàdí yóò jẹ níyà lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1852, ló fi lẹ́tà sọ férémù rẹ̀ lórúkọ, àwọn tó ń lo rìfọ́fà sì ti fi ń wọn ti ilé iṣẹ́ mìíràn náà. K jáde ní 1899, N ní 1908, J ní 1950, L ní 1980, X ní 2003. J ló kéré jù nínú wọn, X ló tóbi jù. Láti fi ohun tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì kílò. Model 36, tó jẹ́ férémù J onírin, wúwo tó ọ̀rá kan pẹ̀lú ẹ̀kún ẹnu díẹ̀. Model 10, férémù K tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rá méjì. Model 686, férémù L, ju ọ̀rá méjì lọ díẹ̀. Model 29 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, férémù N, ń lọ sí ọ̀rá mẹ́ta. Model 500, férémù X tí ọ̀pá rẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́jọ lọ, ju ọ̀rá mẹ́rin. Gbogbo ìwọ̀nyí kí ọta tó wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rá mẹ́rin yẹn rán mi létí ohun kan. Ní 1847, Samuel Colt bá Kápítéènì Samuel Walker, ẹni tó ti bá àwọn Texas Rangers jagun rí, ṣe ìbọn kan tó ju kílò 2 lọ. Bíi 1,100 péré ni wọ́n ṣe. Ìbàdí ọmọ ènìyàn kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹṣin ló ń gbé e, nínú àkọ̀ méjì tí wọ́n gbé kọ́ iwájú gàárì. Ẹlẹ́ṣin kò mọ̀ pé ìbọn wúwo, àfi ìgbà tó bá fà á yọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Colt gbé Navy ti 1851 jáde, tó jẹ́ nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀, ìbọn náà sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹṣin sí orí ìgbànú. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjà ìbọn àti ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí férémù X wá dé ní 2003, tó tún wúwo tó ti Walker, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: àwọn ọdẹ tó ń gbé e wọ igbó béárì ní Alaska máa ń fi okùn dè é mọ́ àyà. Fún ọdún 156, irin ti yí padà, ẹ̀tù ti yí padà, àmọ́ ìbàdí ò gba kílò 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo.

Ó gba kílò kan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn. Model 10 yẹn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rá méjì, ni ìbọn tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi kọ́ ìdí fún ohun tó ju àádọ́rin ọdún lọ. Wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 6 lọ. Bí kílò kan bá jẹ́ ìyà tí ènìyàn kò lè rù, iye yẹn ò lè pé. Kí ló wá mú kí ẹnì kan máa gbé kílò kan láti àárọ̀ dalẹ́ láìráhùn, tí ẹlòmíràn tó gbé ìdajì rẹ̀ á máa yí bẹ́líìtì kiri ní gbogbo wákàtí?

Ìyá tó ru igi tàbí omi mọ ìdáhùn. Òṣùká kò dín ìwúwo ẹrù kù bíńtín; ńṣe ló fi kún un. Ohun tó ṣe ni pé ó fẹ ojú ibi tí ẹrù ti tẹ orí, kí ibì kan ṣoṣo má baà gba gbogbo rẹ̀. Ìgbànú líle tó fẹ̀ ní ìwọ̀n ínǹṣì kan àti ààbọ̀ ni òṣùká ìbọn. Bí ìgbànú bá rọ̀, ìbọn á fà á sílẹ̀ níbi tó wà, etí rẹ̀ á ká, gbogbo ìwúwo á sì gbá jọ sí orí eegun ìbàdí, níbi tí ẹran ò pọ̀ láàárín awọ àti eegun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ra ìbọn olówó ńlá tó wá fi bẹ́líìtì ṣọ́ọ̀ṣì so ó mọ́ ìdí, òun máa ń mọ̀ ọ́n láti òkèèrè, torí èjìká kan á relẹ̀ ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọ̀já. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n tí ọ̀já sì dì dáadáa kì í wúwo bí ọmọ kan náà tí ọ̀já rẹ̀ tú tó ń fì sẹ́yìn. Ọmọ ò sanra sí i láàárín ìgbà tí ọ̀já tú; jíjìnnà tó jìnnà sí ẹ̀yìn ìyá ló ń fa ìyá náà. Bẹ́ẹ̀ ni rìfọ́fà. Ìlù rẹ̀ ló nípọn jù, àárín rẹ̀ ló sì wà, bí ikùn. Ti J fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 33, ti K 37, ti L 40, ti N 43, ti X 49. Mìlímítà mẹ́rin tó wà láàárín J àti K lè dà bí ohun tí ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mọ́ ara ni ikùn yẹn ń tì, ó sì ń ti èèkù jìnnà sí eegun ìhà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àkọ̀ bá gbé ìbọn ga ju ìgbànú lọ, ìlù á wà lókè ìgbànú, ìbọn á máa fẹ́ dojú dé síta, bẹ́líìtì á sì máa fún inú kó lè fà á padà. Nítorí náà, ẹni tó ń ka gíráàmù ń ka ohun tó rọrùn láti kà. Ìfẹ̀ àti ibi tí ìwúwo fì sí ni ara ń gbọ́. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú ìbọn méjì fún wákàtí mẹ́wàá, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì fi gíráàmù 150 wúwo jù ni màá mú.

Ọ̀pá gígùn kò yọ ẹni tó bá ń rìn lẹ́nu. Jíjókòó ni ìyọnu rẹ̀. Ínǹṣì mẹ́fà á kan àga mọ́tò, àga á tì í sókè, èèkù á sì máa gún ìhà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ínǹṣì méjì fi gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́. Detective Special tí Colt gbé jáde ní 1927 ló ṣí ọ̀nà náà: ọta mẹ́fà nínú ìbọn tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 600.

Àpò ṣòkòtò ńkọ́? J ló wọ ibẹ̀, àwọn tó tóbi jù kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ṣòkòtò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìbọn tó jẹ́ ìdajì kílò á máa fì síwá sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ, á máa gbá itan ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ibí ni gíráàmù ti wá ṣe pàtàkì lóòótọ́, torí kò sí ìgbànú tó ń bá a gbé. Ọrùn ẹsẹ̀ tún burú jù. Àwọn tó ṣe ìwádìí fún ológun ti rí i pé ìwúwo tí a so mọ́ ẹsẹ̀ máa ń gba agbára lára ẹni ní ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà ju kí ìwúwo kan náà wà lẹ́yìn, nítorí pé gbogbo ìṣísẹ̀ ni a ń gbé e dìde, tí a ń tì í síwájú, tí a tún ń dá a dúró.

Ohun kan wà tó ju àìrọgbọ̀ lọ. Iṣan ìmọ̀lára kan gba abẹ́ etí eegun ìbàdí kọjá lọ sí awọ ẹ̀gbẹ́ itan. Bí ìgbànú tó le tàbí àkọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbẹ́ itan á kú bí ẹni pé kì í ṣe ti ẹni mọ́, tàbí kó máa jóni bí ẹni fi ata pa á. Dókítà méjì, Bernhardt àti Roth, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1895. Sigmund Freud, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àlá, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún kan náà, nítorí pé ó ń ṣe òun fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wà lára àwọn tí dókítà máa ń rí i lára wọn. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣàìsàn, bí wọ́n bá sì tú ìgbànú tàbí tí wọ́n sún àkọ̀ kúrò níbẹ̀, ó sábà máa ń lọ. Ẹni tó bá ti rí àmì yìí tó sì ń ra òróró ìpara kiri ń da owó nù.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ rí i pé ìbàdí ń ráhùn, irin ni wọ́n kọ́kọ́ yí. Irin gidi wúwo ní nǹkan bí ìlọ́po 7.8 omi, àlùmíníọ̀mù ní ìlọ́po 2.7, titanium ní ìlọ́po 4.5. Bí a bá fi àlùmíníọ̀mù ṣe férémù, tí ìlù àti ọ̀pá sì jẹ́ irin, J tó jẹ́ 550 á bọ́ sí nǹkan bíi 410. Ìyẹn gan-an ni àṣírí ìbọn gígùn tó tàn mí lórí tábìlì: férémù K ni, Model 12, àlùmíníọ̀mù ni egungun rẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà nínú rẹ̀ yìí, wọ́n po scandium díẹ̀, tí kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́ àlùmíníọ̀mù, wọ́n sì fi titanium ṣe ìlù. Model 340PD tó tibẹ̀ jáde jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 330. Kò tó ọ̀rá omi kan. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Ruger fi ike ṣe apá kan férémù LCR rẹ̀, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 380.

Àwọn kan ti fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣe rìfọ́fà fún awakọ̀ òfuurufú tí ìlù rẹ̀ pàápàá yóò jẹ́ àlùmíníọ̀mù. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìlù ni ẹ̀tù ti ń bú, ibẹ̀ ló sì ń gba gbogbo ìgbóná àti ìtì náà. Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Wọ́n ṣe ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kò le, kò yanjú. Wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà, wọ́n sì bà wọ́n jẹ́. Ìyókù tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ.

Ṣùgbọ́n ká ní ìlù ò tilẹ̀ sán, gbèsè kan ṣì wà. Nígbà tí ọta bá lọ síwájú, ìbọn gbọ́dọ̀ wá sẹ́yìn. Newton ti parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ mú ọta .38 Special kan, nǹkan bíi gíráàmù 10, tó ń jáde ní mítà 230 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká gbójú fo gáàsì tó bá a jáde. Ìbọn tó jẹ́ kílò kan á fi mítà 2.3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá wá sẹ́yìn, agbára tó sì gbé lọ́wọ́ jẹ́ joule 2.6. Ìbọn tó jẹ́ ìdajì kílò á wá ní mítà 4.6, agbára rẹ̀ á sì di joule 5.3. A dín ìwúwo kù sí ìdajì, ohun tó ń gbá ọwọ́ sì di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣe é fún gíráàmù 330, ó á di joule 8. Ọta kan náà ni o, ẹ̀tù kan náà. Bí ẹ bá wá fi ọta .357 Magnum sínú 340PD, bí wọ́n ṣe ṣe é kó lè gbà, mi ò fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé dán an wò.

Àtẹ́lẹwọ́ nìkan kọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Nígbà tí ìbọn fúyẹ́ bá ta sẹ́yìn pẹ̀lú ìyára, ó ń fa kóróbójó ọta tó kù nínú ìlù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orí ọta fẹ́ dúró síbi tó wà. Bí wọn kò bá fún un mọ́lẹ̀ dáadáa, orí á máa yọ díẹ̀díẹ̀, títí tí á fi yọ síwájú ìlù, tí ìlù ò sì ní lè yí mọ́. Nínú ìbọn irin gidi, èyí ṣọ̀wọ́n.

Ẹ tún wo ìka. Láti fa rìfọ́fà J láìkọ́kọ́ gbé òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ìka á fi ipá tó nǹkan bí ìwúwo kílò márùn-ún fà á. Bí ìbọn náà bá jẹ́ gíráàmù 400, ìka kan ṣoṣo ń fa ohun tó ju ìlọ́po méjìlá ìwúwo ìbọn lọ. Kò sí bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní mì lọ́wọ́. Ìbọn kílò kan máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nítorí ìwúwo rẹ̀ ń bá olówó rẹ̀ di ara rẹ̀ mú. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa ta ìbọn fífúyẹ́ fún obìnrin àti àgbàlagbà ní ìsọ̀ ìbọn, pé ọwọ́ wọn ò lágbára. Ìmọ̀ràn òdìkejì ni. Ọwọ́ tí kò lágbára ló nílò irin jù.

Èmi náà ò gbà á gbọ́ títí mo fi yìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní J fífúyẹ́ kan, wọ́n fi ohun tó ń dí ariwo bo etí mi, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi. Ọta márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èkíní gbá mi ní ìdí àtàǹpàkò bí ẹni fi igi ọ̀pá gbá ọmọ iléèwé. Ní ẹ̀kẹta, mo ti ń dijú kí n tó fà á. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kẹrin.

"Ó ku ọ̀kan," wọ́n ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yìn ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yìn ín. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé K onírin ti iṣẹ́ wọn fún mi, èyí tí awọ èèkù rẹ̀ ti bó. Mẹ́fà ni mo yìn, mo sì tún bẹ̀ wọ́n fún mẹ́fà mìíràn. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, wọ́n tú K yẹn kúrò ní ìdí, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí onírin, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n fi ìka méjì ra eegun ìbàdí ọ̀tún wọn, níbi tí awọ ti dúdú tó sì ti le, wọ́n sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ títí ẹ̀yìn wọn fi ké.